Ibà Ọrùn àti Okọ́ Tí Mo Jókòó Lé

Bọ́tìnì ni mo kọ́kọ́ rí, mi ò rí àìsàn. Télọ̀ ni mí, ojú tí mo fi ń wo ènìyàn kò ju ojú aṣọ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, gbé ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ọrùn ẹ̀wù náà ti ń fún òun. Èmi ni mo rán an. Mo mọ ọrùn yẹn bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé wa l'Èsìé. Mo fi téèpù yí i ká, ó ti lé. Ẹni tó gbọ́n ìbá bi í pé kí ló ṣe ọrùn rẹ. Ẹ̀rín ni èmi rín. Mo ní, "Iyán ìyá rẹ ti rí ọ̀nà gbà." Mo gé bọ́tìnì náà kúrò, mo sún un síwájú díẹ̀, mo rán an mọ́lẹ̀, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́.

Orúkọ Kwara ṣì tuntun lẹ́nu wa nígbà náà. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba, Kàdúná ló ṣì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì kẹrin lọ nílé ìwé ìjọ; ó tó mi láti ka ojú téèpù àti láti mọ orin tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ń gbé, nínú agbo ilé bàbá wa. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù fún un, òun náà ló sì ń dáko.

Ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń ṣe àáró. Ẹni tí kò bá mọ àáró, bó ṣe rí nìyí: gbogbo ẹgbẹ́ á kóra jọ lọ kọ ebè iṣu sí oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á kọ ti ẹlòmíràn nígbà mìíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Oko ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ebè tirẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì ku kó lọ san án fún gbogbo wọn lóko. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ ebè fún, tí kò sì yọjú sí oko ẹlòmíràn, orúkọ tí wọ́n á máa pè é kò ṣeé gbọ́, ọmọ rẹ̀ náà á sì jogún rẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ bú, bẹ́ẹ̀ bàbá bàbá wọn ló jẹ̀bi.

Kò pẹ́ tí mo sún bọ́tìnì tán ni ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibà ni. Ta ni yóò jiyàn? Lọ́dọ̀ wa, bí orí bá fọ́ ọ, ibà ni. Bí oúnjẹ ò bá wù ọ́, ibà ni. Bí o bá sọ̀rọ̀ tí kò tẹ́ àgbà lọ́rùn, wọ́n á ní ibà ló wà lára rẹ. Ó se àgbo: ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Ọmọ mu ún, ó làágùn, a ní ó ti lọ. Ilẹ̀ mọ́, ara tún gbóná. Mo ra oògùn ibà oníkóró, èyí tó máa ń yún ènìyàn lára. Ó yún un dáadáa. Ibà ò lọ.

Ibà tí àwa mọ̀ a máa wá, a máa lọ. Òtútù á mú ọ gbọ̀n, ooru á tẹ̀ lé e, òógùn á bọ́, ìwọ náà á dìde bèèrè oúnjẹ. Èyí ò lọ síbì kan. Ó kàn jókòó bí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò padà. Ọmọ tó máa ń ti oko dé kó tún lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé kó má fọwọ́ ti ògiri. Ojú rẹ̀ wú lápá òkè, bí ojú ẹni tó sun oorun ọ̀sán jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀fun. Kò lè gbé itọ́ mì. Mo ní kó lanu, mo fi dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo ara wọn da oòrùn sí i lẹ́nu. Ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun ti wú débi pé wọ́n fẹ́ kan ara wọn, nǹkan funfun sì lẹ̀ mọ́ wọn bí ògì tó gbẹ mọ́ etí ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Bélúbélú ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn rẹ̀ náà wú."

"Nígbà náà, sẹ́gẹdẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ bélúbélú."

Ohun tí ó bá ti lórúkọ kì í bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ó fi aró kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ nítorí sẹ́gẹdẹ̀. Ọmọ ní inú ń kún òun lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi òrí gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ohun tó dì síbẹ̀ lè tú. Èmi náà ò ní jókòó lásán. Mo lọ bá ẹni tó ń ta oògùn lẹ́bàá ọjà, mo ra kápúsù aláwọ̀ méjì tí wọ́n ní kò sí kòkòrò tí kì í pa.

Ọmọ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ sú. Láti àyà títí dé itan, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́. Ọwọ́ á gbá a mú kí ojú tó rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa kì í pe orúkọ àìsàn yẹn. "Olóde ni," ó wí.

Kí n má purọ́. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo wo ojú ibi tí wọ́n ti gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí àwọn ìjọba wá. Àpá náà wà níbẹ̀, ó ń dán. Síbẹ̀ mo gbé màṣínì mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá bi mí, mo ní atẹ́gùn ni mò ń wá. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Ètè gbogbo ènìyàn ti bó. Èmi nìkan ni mo ń wá atẹ́gùn.

Abẹ́ igi yẹn ni mo wà tí mo fi rí olóòlà tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò awọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ránṣẹ́ sí i kó wá gé bélúbélú ọmọ. Mo mọ ọkùnrin náà, mo sì mọ àpò náà ju ọkùnrin náà lọ. Wọ́n gé tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n di orí mi mú, wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu kọdọrọ kan bọ̀ mí lẹ́nu. Ìtọ́wò ẹ̀jẹ̀ oníyọ̀ yẹn ṣì ń wá sí mi lọ́fun bí mo bá rí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọ̀fun sì tún dùn mí lọ́dún kejì, bí ẹni pé wọn ò gé nǹkan kan.

Ẹ̀rù olóde wà níbì kan, ẹ̀rù àpò yẹn wà níbì kan. Èyí tó tóbi jù lé mi padà sílé. Mo kọjá lára olóòlà náà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà. Òmù-Àrán là ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. "Ta ló ń lọ Òmù-Àrán? Ìwọ tó ń ṣe alájọgbé igi máńgòrò?"

"Èmi náà ni. Ọmọ yìí ò ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Sẹ́gẹdẹ̀ a máa wú lẹ́rẹ̀kẹ́, níwájú etí. Èyí wú lọ́rùn. Mo sún bọ́tìnì fún un kí ara rẹ̀ tó gbóná rárá. A ti fún un lórúkọ mẹ́rin, kò dáhùn sí ìkankan."

Ó wò mí lọ títí. "O ò bẹ̀rù olóde mọ́?"

"Mò ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ẹ̀rù náà tó padà."

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu ló gbé wa. Dókítà tó wà nílé ìwòsàn jẹ́ obìnrin, ará Ọ̀yọ́ ni nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí inú bá bí ẹ̀gbọ́n mi, Ìgbómìnà gidi ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo di ògbufọ̀.

Dókítà náà ò fọwọ́ kan àpò oògùn. Ọrùn ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó fọwọ́ wá a níwájú, ó fọwọ́ wá a lẹ́yìn, lábẹ́ irun, ó mú ọwọ́ mi, ó fi í síbẹ̀. Kókó wà níbẹ̀ bí ẹ̀wà tó sá pamọ́ sábẹ́ awọ, ọ̀pọ̀. Ó tún wá a lábẹ́ abíyá, ó rí i níbẹ̀ náà.

Ó ní, "Ọ̀fun lásán kì í sábà dé ẹ̀yìn ọrùn. Bó bá jẹ́ ọ̀fun tó ń gbọ́ oògùn kòkòrò ni, níwájú ni kókó rẹ̀ á pọ̀ sí. Ó ti tó ìgbà wo?"

Mo ní láti ìgbà tí mo ti sún bọ́tìnì. Ó di dandan kí n ṣàlàyé bọ́tìnì fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ.

Ó fa ìpéǹpéjú ọmọ sílẹ̀, ó ní ojú ò pọ́n bí ọsàn, kì í ṣe ibà pọ́njú. Ó wo ara tó sú. Ó bi wá pé, "Oògùn wo ló lò kí eléyìí tó jáde?"

Mo mú kápúsù kan tó kù jáde nínú àpò mi. Dókítà wò ó, ó wò mí.

"Ta ló kọ ọ́ fún un?"

"Èmi ni, dókítà. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin."

Ìgbà yìí ló rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe olóde, kì í sì í ṣe èéyi. Ó ní àìsàn kan wà tó jẹ́ pé bí irú kápúsù yìí bá bá a lára, ara á sú bẹ́ẹ̀. Ó ti ń fura, ara tó sú yìí ló jẹ́ kó túbọ̀ fura. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá ọmọ láti lọ wò ó lábẹ́ awò. Ọmọ jókòó ṣinṣin. Èmi ni mo rí ìgò ẹ̀jẹ̀ tí ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta gan-an la fẹ́ tọ́jú?"

Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ tán, wọn ò rí kòkòrò ibà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń bá àìsàn jà, ti pọ̀ jù, wọ́n sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní ibà kókó ni, ibà tó ń wú kókó ọrùn àti ti abíyá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì máa ń mú jù. Inú itọ́ ló ń gbé. Ife kan náà, igbá kan náà, ó tó.

Ọ̀rọ̀ igbá yẹn ni mo gbọ́ tí ojú mi là. Igbá omi kan ni àwọn aláàáró máa ń gbé yípo lóko. Ẹni tó bá ní òun ò mu nínú rẹ̀, agbéraga ni. Èmi náà ti mu lára àgbo nínú ife ọmọ, láti fi hàn án pé kò korò. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi níbẹ̀. Kókó wà níbẹ̀! Ńlá!

Mo ní, "Dókítà, ó ti mú mi."

Ó nawọ́, ó fọwọ́ kàn án. "Gògóńgò yín nìyẹn, bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín ló ti wà níbẹ̀." Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwa àgbà ló ti ní in lọ́mọdé láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n béèrè oògùn rẹ̀. Dókítà ní kò sí oògùn tó ń pa á. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lé e lọ. Omi púpọ̀, omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti fi yọ ọ̀fun, oògùn ara gbígbóná, ìsinmi.

"A wọkọ̀ wá sí Òmù-Àrán," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "wọ́n ní kí ọmọ mi lọ sùn?"

Dókítà ní kí ọmọ dùbúlẹ̀. Ó rọra fi ìka sábẹ́ ìhà òsì. Ó ní, "Màmá, ohun kan wà níbí tó ti wú. Ibi tí ẹ ń fi òrí tẹ̀ nìyí, àbí? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, tàbí bó bá gbé ẹrù, tàbí tó jìjàkadì, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fi agbára kọ ebè, ó lè bẹ́ sínú. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ lè má bá a délé ìwòsàn." Ó ní bí ìhà òsì tàbí èjìká òsì bá dùn ún lójijì, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, tàbí tí mímí bá nira fún un, ká sáré gbé e wá, ká má dúró wá ọkọ̀ tó dára.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n pamọ́ fún ara wọn.

Ọmọ ló sọ̀rọ̀, nínú ọkọ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, àáró ńkọ́?"

Mo ní àáró á dúró.

Ó ní, "Àáró kì í dúró. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo mọ̀. Kò pẹ́ tí olórí ẹgbẹ́ wọn fi wá, òun àti ẹnì kejì, okọ́ léjìká. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wo ọmọ. Ara rẹ̀ ò sú mọ́, ọ̀fun rẹ̀ ti ń là, ó jókòó, ó ń mu ògì.

Olórí ẹgbẹ́ ní, "Bàbá Télọ̀, ẹni tó ń mu ògì báyìí lẹ ní nǹkan kan fẹ́ bẹ́ nínú rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ ní ọ̀lẹ."

Èkejì ní, "Nígbà tí à ń kọ ebè tiẹ̀, nǹkan kan ò bẹ́ nínú wa."

Ojú ọmọ yí padà. Mo mọ ojú yẹn. Ojú bàbá rẹ̀ ni, ojú ẹni tí yóò kú kí wọ́n má bàa pè é ní ọ̀lẹ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo gbọ́ tó ń wá okọ́ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò rí i. Mo ti gbé e sórí àga màṣínì mi, tí mo ti dá padà sílé, mo tẹ́ aṣọ lé e, mo sì jókòó lé e. Ẹnu okọ́ ò ṣe é jókòó lé o. Bí ère òkúta Èsìé ni mo ṣe wà níbẹ̀, mi ò mira.

"Bùrọ̀dá, ẹ dìde."

"Mi ò dìde."

"Wọ́n á máa pè mí ní ọ̀lẹ."

"Kí wọ́n máa pè ọ́, kí o sì máa jẹ́ wọn. Òkú kì í jẹ́ ìpè." Mo dìde lẹ́yìn èyí, nítorí pé okọ́ náà ti ń wọ̀ mí lára. Mo gbé e léjìká ara mi. "A lè rọ́pò ẹni lóko àáró, kò sí òfin tó ní ká má ṣe é. Jókòó."

Ọwọ́ tó ń di abẹ́rẹ́ mú ni mo gbé lọ. Nígbà tí mo dé oko, ariwo sọ. "Ẹ wá wo télọ̀! Bàbá, ṣé ẹ mú téèpù dání?" "Ẹ má gbàgbé láti fi bọ́tìnì sí ebè o!" Mo ní kí wọ́n fi ibi tèmi hàn mí. Ebè mi àkọ́kọ́ rí bí oúnjẹ tí ọmọdé dà nù. Mo tún un kọ. Kí oòrùn tó gbóná, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mo ya aṣọ, mo fi dì í, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé igbá omi dé ọ̀dọ̀ mi, mo yọ ife tèmi jáde nínú àpò. Wọ́n tún pariwo. Mo ní, "Ẹ pariwo tán, kí ẹ wá gbọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ yín ṣe kó àìsàn." Mo sọ ọ́ fún wọn láti orí bọ́tìnì dé orí ìhà òsì. Olórí ẹgbẹ́ gbé okọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀fun ti dun àbúrò òun náà láìpẹ́, ó sì sàn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé ife tirẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀.

Oko kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi òrí tó kù pa mí lẹ́yìn, ó ń ní, "Ìwọ ọkùnrin tó bẹ̀rù ìgò ẹ̀jẹ̀." Èmi náà ò yé fi téèpù wọn ọrùn ara mi. Kò lé rí.

Ọrùn ọmọ ló ń dín. Lọ́jọ́ tí a padà sí Òmù-Àrán, dókítà rọra fọwọ́ wá ìhà òsì títí, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó ní kó rọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí a délé, ó gbé ẹ̀wù funfun wá bá mi, ọrùn ẹ̀wù náà ti di gbẹrẹgẹdẹ. Mo dá bọ́tìnì padà sí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún tẹ́lẹ̀.

Oko olórí ẹgbẹ́ ló kù. Ọmọ ní òun ń lọ. Mo ní èmi náà ń lọ. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ wọ́n. Mo ní rọra bẹ̀rẹ̀ ni dókítà wí. Kó kọ ìdajì, kí n kọ ìdajì. A jọ gba ọ̀nà oko, okọ́ kọ̀ọ̀kan, ife kọ̀ọ̀kan.

Ó kọ ebè àkọ́kọ́. Mo dá tèmi dúró, mò ń wo ìhà òsì rẹ̀. Ó kọ ìkejì. Mò ń wò ó.

"Bùrọ̀dá, ẹ yé wò mí. Ẹ wo ebè yín."

Mo wo ebè mi. Ó wọ́. Mo tú u, mo sì tún un kọ.